Ọkọ̀ mi ń dún "gbì" bí mo bá ti wọ gíà: ṣé gíàbọ́ọ̀sì ló bàjẹ́ lóòótọ́?

AwakọJẹ́jẹ́
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gbé mi wá. Ọtọmátíìkì ni, táyà iwájú ló sì ń fà á. Bí mo bá gbé gíà kúrò ní P (ìdúró) sí R (ẹ̀yìn), màá gbọ́ "gbì!" kan lápá iwájú, gbogbo ara ọkọ̀ á sì mì. Bí mo bá tún gbé e láti R bọ́ sí D (iwájú), yóò dún lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ ìyẹn kò le tó ti àkọ́kọ́. Lórí eré, gíà ń wọlé geere, kò já, kò sì lọ́ra. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí mo bá ń tẹ tọ́tù tí mo tún ń gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó máa ń dún díẹ̀díẹ̀ náà.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún wà á lọ, ó wà á bọ̀, ó ní gíàbọ́ọ̀sì ti kú, kí n lọ wá òmíràn. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò wo ọ́ìlì, kò wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọkàn mi kò gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó gbà kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀?

Sípánà14
Síìtì ẹ́ńjìnì, ìyẹn ìjókòó onírọ́bà tó di ẹ́ńjìnì mú mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gíà yẹn kalẹ̀ títí ẹ ó fi mọ bí síìtì ẹ́ńjìnì àti síìtì gíà ṣe wà. Rọ́bà inú wọn ló máa ń ya, ẹ́ńjìnì á wá máa fò lọ fò bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń pa gíà dà, irin á sì máa gbá irin. Gíà tó ti kú kì í wọlé geere lórí eré.

ÌyáTáyé
Mo fara mọ́ Sípánà14 lápá kan, àmọ́ ọ́ìlì gíà ni èmi á kọ́kọ́ wò, torí òun ló yá jù, kò sì gba irinṣẹ́ kankan. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, agbára tó ń ti gíà wọlé kì í pé. Gíà á pẹ́ kó tó dáhùn, nígbà tó bá wá máa dáhùn, á gbá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ. Bó bá wà láàárín àmì méjèèjì, ó dáa. Ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá pupa tó sì mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá dúdú, tí òórùn ohun tó jóná ń ti ara rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré.

ỌgáGáréèjì
Ìyá Táyé, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yẹn tọ̀nà, àmọ́ ibi tí ẹ ti ní kó pa ẹ́ńjìnì kó sì jẹ́ kó tutù, ibẹ̀ ni n kò ti bá yín lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọtọmátíìkì, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbóná, kó máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ọkọ̀ dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí gíà wà ní P, kí a tó wo géèjì. Ọ́ìlì gíà máa ń wú bó bá gbóná. Bí ẹ́ńjìnì bá sì kú, ọ́ìlì tó wà nínú torque converter (apá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wọ inú gíà) lè ṣàn padà sínú páànù ìsàlẹ̀ gíà, géèjì á wá máa sọ pé ó pọ̀ nígbà tí kò tó. Honda yàtọ̀ ní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn, a máa ń mú ẹ́ńjìnì gbóná, a ó pa á, a ó sì wo géèjì kí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò tilẹ̀ ní géèjì gíà rárá. Ihò kan ló wà lára gíàbọ́ọ̀sì wọn tí a máa ń ṣí nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, ká wá wo bó ṣe ń kán. Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá wí ni kí ẹ ṣe.

Wàyí o, ìbéèrè AwakọJẹ́jẹ́. Ohun tí mo máa ń bi ẹni tó bá gbé irú ọkọ̀ yìí wá ni pé, ìgbà wo ló ń dún? Ìgbà tó ń dún ló ń júwe ibi tó ti ń dún. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń pa gíà dà lójú kan, tí ọkọ̀ kò tíì lọ, síìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, àti ẹ́ńjìnì tó ń sáré jù lójú kan, àti ọ́ìlì. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó kan inú gíà. Bó bá ń dún nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù tàbí tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, àlàfo ti wà níbì kan lára ohun tó ń gbé agbára láti ẹ́ńjìnì dé táyà: ó lè jẹ́ jọ́ìntì ṣáàfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, ó sì tún lè jẹ́ síìtì yìí kan náà. Bó bá ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ délẹ̀ tí ẹ sì ń lọ, jọ́ìntì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni. Ẹ wo rọ́bà tó bò ó, ó ṣeé ṣe kó ti ya, kí gírísì sì ti fọ́n sí ẹ̀yìn rímù. Bó bá jẹ́ pé inú kòtò àti gegele ló ti ń dún, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ gíà, ẹ lọ wo àwọn ohun tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, bọ́ọ̀ṣì apá ìsàlẹ̀ àti linkage stabilizer.

Ọ̀kan wà tó ń dùn mí jù. Bí ariwo bá ń kan léraléra bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, tó ń yára bí ẹ bá tẹ tọ́tù, tí ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan, ìyẹn lè jẹ́ flexplate (àwo irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ torque converter) tó sán tàbí bóòtù torque converter tó tú. Ariwo rẹ̀ fara jọ ti ẹ́ńjìnì tó ń kan nínú lọ́hùn-ún débi pé àwọn kan ti sọ ẹ́ńjìnì tó dára kalẹ̀ nítorí bóòtù tí sípánà kan ṣoṣo ì bá fún.

Ti yín, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, R le ju D lọ, kò sì sí nǹkan lórí eré. Ẹ bá mi wo iye tí ẹ́ńjìnì ń yí lójú kan nígbà tó bá ti gbóná tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń wà láàárín 600 sí 900 RPM (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Bí ti yín bá wà ní 1,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gíà á máa gbá wọlé bí gbogbo nǹkan mìíràn tilẹ̀ dára.

AwakọÒru
Ẹ má bínú o, èmi kò gbà pé síìtì ni kó kọ́kọ́ lọ bá. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dún báyìí gẹ́lẹ́, wọ́n pa síìtì dà, ariwo kò kúrò. Solenoid inú gíà, ìyẹn fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì, ló padà jẹ́. Síkáànù, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni kí ẹ fi sí i lákọ̀ọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í purọ́.

Sípánà14
AwakọÒru, síkáànù dára, àmọ́ kò lójú tó fi ń rí rọ́bà. Kò sí ohun kan tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé síìtì ti ya. Bó bá sì gbé kóòdù P0700 jáde, ìyẹn kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà gíà lẹ́jọ́ láti rò ni. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wá èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀: P0730 bí ìyípo gíà kò bá bára mu, P0750 bó bá jẹ́ solenoid A, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn síkáànù kéékèèké kì í sì wọ inú kọ̀ǹpútà gíà, ti ẹ́ńjìnì nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá wo irú síkáànù bẹ́ẹ̀ tó ní gíà kò ní nǹkan kan kò tíì wo gíà.

AwakọÒru
Ó yé mi. Àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà, kò sì sí nǹkan tí ẹ máa tú. Ẹ ṣe é pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ
Bí wọ́n ṣe ń dán síìtì wò kò le. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnì kan wọnú ọkọ̀, kó fa háńbíréèkì, kó tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kó wá máa gbé gíà láti D sí R, láti R sí D, kó máa dúró díẹ̀ láàárín wọn. Kí ẹnì kejì dúró síwájú ọkọ̀ kó máa wo ẹ́ńjìnì. Kò sí ẹ́ńjìnì tí kì í mira díẹ̀. Àmọ́ bó bá fò sókè tó ìbú ìka méjì, tó sì jábọ́ padà pẹ̀lú "gbì" yẹn, ẹ ti mú olè náà.

ỌgáGáréèjì
ỌmọAlágbẹ̀dẹ, ìdánwò yẹn dára, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ lè yọ̀ lórí bíréèkì. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńdà ni kó ti máa wò ó, kí wọ́n sì ti fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ má fẹsẹ̀ kan tọ́tù.

Ọ̀pọ̀ síìtì òde òní ló ní omi nínú. Bó bá bẹ́, omi dúdú á ṣàn sára irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ sì lè rí ìyẹn láìtan ẹ́ńjìnì rárá. Tọ́ọ̀ṣì ni ẹ nílò. Bí ẹ bá wá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ láti wo síìtì ìsàlẹ̀, jáàkì nìkan kò tó, ẹ fi ẹsẹ̀ irin gbé e dúró. Jáàkì lè jáni kulẹ̀ nígbà tí orí èèyàn bá wà lábẹ́ ọkọ̀.

Jíìpù_Aláwọ̀Ewé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà wọlé díẹ̀. Jíìpù ni tèmi, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Ó máa ń dún "kàn!" nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, àti nígbà tí mo bá fẹ́ dúró tí gíà ń bọ́ sísàlẹ̀. Ṣé síìtì náà ni?

Sípánà14
Tiyín yàtọ̀. Pùrópẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, ni kí ẹ lọ bá. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ há táyà dáadáa, ẹ fi gíà sí N, kí ẹ tó wọ abẹ́. Ẹ di pùrópẹ́là mú, ẹ yí i lọ yí i bọ̀, ẹ tún gbé e sókè sódò. Bí kírọ́ọ̀sì (jọ́ìntì) rẹ̀ bá ti ní àlàfo, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí ìpata pupa yíká ìdí kírọ́ọ̀sì, béárínì inú rẹ̀ ti gbẹ nìyẹn. Bí kírọ́ọ̀sì bá dára, ẹ wo ibi tí apá kan pùrópẹ́là ti ń wọ inú èkejì, níbi tí eyín irin wà. Bí gírísì bá tán níbẹ̀, á máa há, á sì já lójijì nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró tàbí tó ń gbéra. Gírísì lásán ti tán irú ariwo yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgbà tí ẹ bá ti wo gbogbo ìyẹn tán ni kí ẹ tó ronú kan gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

ÌyáTáyé
Jíìpù_Aláwọ̀Ewé, bó bá jẹ́ èyí tó lè fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ ni, ẹ rí i dájú pé kò wà lórí mẹ́rin nígbà tí ẹ bá ń wà á lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ yíjú padà báyìí, á há, á sì máa dún kàn, kàn. Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà.

AwakọJẹ́jẹ́
Ẹ kú ìmọ̀ràn, inú mi dùn gan-an. Ohun tí mo rí nìyí. Ẹ́ńjìnì gbóná tán, RPM wà ní 1,300 lójú kan. Ọ́ìlì gíà pé, àwọ̀ rẹ̀ ti ń di ti ilẹ̀, àmọ́ kò sí òórùn jíjóná kankan. Jọ́ìntì ṣáàfù méjèèjì dára, rọ́bà wọn kò ya. Síìtì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ti ya sí méjì, ọwọ́ ni mo fi ń mì í. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ti da omi dúdú sára irin. Síkáànù tó ń ka gíà náà ni wọ́n fi wò ó: kò sí kóòdù gíà kankan, P0507 nìkan ló gbé jáde.

AwakọÒru
Ẹ rí i bí síkáànù ṣe wúlò! P0507 ń sọ pé ẹ́ńjìnì ń sáré lójú kan ju bí kọ̀ǹpútà ṣe ní kó sáré lọ. Síìtì nìkan kọ́ ni ìṣòro yín.

ỌgáGáréèjì
Òótọ́ ni AwakọÒru sọ. Ohun méjì ló pàdé: ẹ́ńjìnì tó ń sáré jù ń gbá gíà wọlé, síìtì tó ti ya kò sì lè gba ìgbágbá yẹn mọ́ra. Bí ẹ bá pa síìtì dà tí ẹ fi eré ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ariwo á dín kù, àmọ́ síìtì tuntun náà á máa jìyà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo páìpù rọ́bà kéékèèké tó wọ inú manifold (ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pín wọ ẹ́ńjìnì), ẹ tẹ̀ wọ́n wò, ẹ tẹ́tí sí i bóyá ibì kan ń sín. Ẹ wo rọ́bà ńlá tó wà láàárín fílítà afẹ́fẹ́ àti throttle body (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) náà, ó máa ń sán lábẹ́ níbi tí ojú kò tó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fọ throttle body, kí ìdọ̀tí má baà máa há ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ sí ṣíṣí. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn fífọ̀ yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi síkáànù tún kọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹ́ńjìnì á ṣe dúró. Ẹ béèrè kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Sípánà14
Síìtì méjì tó bàjẹ́ yẹn nìkan ni kí ẹ pa dà. Kò sí ìdí láti yọ èyí tó dára.

ỌgáGáréèjì
Mi ò ní kó yọ wọ́n láìwò. Àmọ́ nígbà tí ọ̀kan ti ya tipẹ́, àwọn yòókù ló ń gbé ẹrù rẹ̀. Ẹ tan iná sí gbogbo wọn. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ bá ti sán wínníwínní, kó lọ pẹ̀lú àwọn tó ń lọ. Kí wọ́n yọ ọ̀kan, kí wọ́n dá òmíràn padà síbẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan èkejì. Kí wọ́n fi pákó fífẹ̀ sórí jáàkì kí wọ́n tó fi gbé ẹ́ńjìnì, kí páànù ọ́ìlì má baà wó. Kí wọ́n má fún àwọn bóòtù le tán títí ẹ́ńjìnì á fi jókòó dáadáa sórí síìtì. Bí wọ́n bá fún un nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, rọ́bà tuntun á máa lọ́ pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n.

AwakọJẹ́jẹ́
Ọ́ìlì gíà tó ti ń dúdú yẹn ńkọ́? Ẹnì kan sọ fún mi pé bó bá ti pẹ́ nínú gíà, kí n má pa á dà mọ́, pé gíà á kú.

AwakọÒru
Òtítọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ẹ fi sílẹ̀.

ÌyáTáyé
N kò gbà. Gíà tó ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwo inú rẹ̀ ti jẹ tán, òun ló máa ń kú lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ọ́ìlì dà, àwọn èèyàn á wá di ẹ̀bi ru ọ́ìlì tuntun. Gíà tiyín kò yọ̀, ọ́ìlì rẹ̀ kò sì jóná. Ohun tí mo kórìíra ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ọ́ pẹ̀lú agbára nígbà tó ti pẹ́ tó báyìí, torí ó lè ru ìdọ̀tí sókè sínú ihò tóóró. Ẹ ní kí wọ́n tú èyí tó wà nínú páànù nìkan, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dá iye kan náà padà. Apá kan lásán ló máa jáde, torí ọ̀pọ̀ ṣì wà nínú torque converter. Ẹ wà á fún ìgbà díẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Bí wọ́n bá sọ páànù, ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù irin tó kúnná bí ìyẹ̀fun kò burú, gbogbo gíà ló ń ṣe é. Àfọ́kù irin tí ẹ lè fi ìka mú, ìyẹn ló ń sọ pé inú ti bàjẹ́. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ nìkan ni kí ẹ rà: ẹni tí wọ́n ní kó lo ọ́ìlì Toyota WS kò gbọdọ̀ lo Dexron, ẹni tó ní CVT (irú ọtọmátíìkì tí kò ní ìpele gíà) kò sì gbọdọ̀ fi ọ́ìlì ọtọmátíìkì lásán sí i rárá.

Sípánà14
Ọ̀rọ̀ Ìyá Táyé ni mo dì mú. Kí ẹ sì máa fa háńbíréèkì kí ẹ tó gbé gíà sí P bí ẹ bá dúró sórí òkè. Bí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ bá wà lórí irin kékeré tó ń há gíà ní P, "gbì" ni ẹ máa gbọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e kúrò, síìtì ì báà jẹ́ tuntun.

AwakọJẹ́jẹ́
Mo ti dé o. Páìpù rọ́bà kan lẹ́yìn manifold ló ti sán, wọ́n pa á dà, wọ́n sì fọ throttle body. RPM ti bọ́ sí 750. Síìtì mẹ́ta ni wọ́n pa dà, torí ẹ̀kẹta náà ti sán. R àti D ń wọlé láìdún, ariwo inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: bí mo bá fi R jáde, tí mo wá bọ́ sí D, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá tẹ bíréèkì, "tọ́" kan á dún lápá òsì iwájú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní dún mọ́. Ṣé síìtì kan ni wọ́n kò fún dáadáa ni?

ỌmọAlágbẹ̀dẹ
Rárá, bíréèkì nìyẹn. Páàdì ló ń sún nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí ẹ fi R rìn, ó sún sápá kan, bí ẹ bá ti wá ń lọ síwájú tí ẹ tẹ bíréèkì, á gbá apá kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá tún lo R, kò ní dún.

ỌgáGáréèjì
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kí wọ́n tú táyà òsì yẹn, kí wọ́n wo àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń di páàdì mú lókè àti nísàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti jábọ́ tàbí kí ẹni tó pa páàdì dà kẹ́yìn má dá a padà. Kí wọ́n wo bóòtù caliper (irin tó ń fún páàdì mọ́ra) náà bóyá ó ti tú, ìyẹn ni kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Bí bóòtù bá le, tí páàdì sì ṣì nípọn, irin pẹlẹbẹ tuntun nìkan lẹ máa fi sí i.